Iná Inú Agbo Ìràwọ̀

Orí àpáta ni àwọn awòràwọ̀ ti ń fi awò awọ̀nàjíjìn wo ọ̀run. Ẹni tó bá wò á kéde ohun tó rí.

"Agbo ìràwọ̀ tó ká bí ìkarahun ìgbín!" ni gbogbo wọn wí.

Ó kan Oyèníkẹ̀ẹ́, òun nìkan ló wá lánàá. Ó rí iná kan nínú agbo náà tí kò sí níbẹ̀ lánàá. Orí rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù ẹ̀sín.

"Mo rí nǹkan fìrí ni."

Òjò dé, kò dá títí ẹ̀ẹ̀rùn. Iná náà ti kú kí Oyèníkẹ̀ẹ́ tó jẹ́wọ́.

Bàbá Awólọ́lá, olórí wọn, mirí. "Ìràwọ̀ tó ń kú ló ń jó bẹ́ẹ̀. Kí èèyàn tó dáyé ló ti kú, ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ igbe rẹ̀ ń rìn bọ̀ láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, ọmọ mi. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin."

Oyèníkẹ̀ẹ́ tún fojú sí awò. Òkùnkùn ló ń wò ó níbi tí iná náà wà tẹ́lẹ̀.