Ìfófòó Ẹmu Kì í Ṣe Àrùn

Ọkùnrin kan wà, adẹ́mu ni, ó sì dá a lójú pé gbogbo ọ̀pẹ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló ń ṣàìsàn.

Jókòó dáadáa, Ìyá Ọláìtán. Nu ojú rẹ. Mo ti gbọ́ ohun tí o wá sọ. Ọkọ rẹ kú, ọdún kẹta rèé, ara ń pè ọ́, o sì ń fi ọwọ́ ara rẹ tẹ́ ara rẹ lọ́rùn lórí ibùsùn rẹ. O ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, o ní àrùn ni, o ní ọkọ ọ̀run ni. O ní lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wàá dìde láàárín ìjọ, wàá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn kí wọ́n lè gbàdúrà lé ọ lórí. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ á wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó ti ń wá ohun tí wọ́n á fi lé ọ jáde nínú ilé tí ọkọ rẹ kọ́ sílẹ̀ fún ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ. Opó ni èmi náà. Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n mo ta ẹmu fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹmu ni màá fi bá ọ sọ ọ́.

Ọkùnrin yìí kò dàgbà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ìlú ìyá rẹ̀ ló gbé, iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ẹbí ránṣẹ́ pè é pé kó wá gba ọ̀pẹ, torí ara ọ̀pẹ wọ̀nyẹn ni ìyá bàbá rẹ̀ àtàwọn àbúrò rẹ̀ ti ń jẹun. Ó wá. Àbúrò bàbá rẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ, ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ gé e, àti bí wọ́n ṣe ń so akèrègbè mọ́ ọn. Kò sọ fún un pé ẹmu máa ń hó. Kì í ṣe pé ó fi pamọ́. Ta ní í kọ́ ọmọ pé itọ́ ń bẹ lẹ́nu?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ akèrègbè kalẹ̀, ìfófòó funfun ti kún ọrùn rẹ̀, ó ń dà síta, ó ń ṣe ṣìì. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Ó rántí gbogbo ẹmu tó ti rí lọ́jà láti kékeré. Kò rántí èyí tó rí báyìí. Akèrègbè àwọn ẹlòmíì máa ń mọ́, ewé tútù á sì wà lẹ́nu wọn. Ó ní, "Tèmi nìkan ni."

Ohun tí kò mọ̀ nìyí. Ní ìlú yẹn, adẹ́mu kì í gbé akèrègbè tó ń hó wọ àárín èèyàn. Gbogbo wọn á kọ́kọ́ yà sí odò. Wọ́n á fọ ọrùn akèrègbè, wọ́n á fi ewé tuntun dé e, wọn ò ní dé e pinpin, kí ẹmu lè máa rí ọ̀nà mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e rù. Nítorí eṣinṣin ni wọ́n ṣe ń ṣe é, àti nítorí pé oníbàárà ń fẹ́ ohun tó mọ́. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ẹni tó wẹ̀ kó tó jáde nílé kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kò gba ọ̀nà odò rí. Ojú ń tì í. Ọ̀nà ẹ̀yìn igbó ló ń gbà lọ sọ́jà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹmu rẹ̀. Ìtìjú yẹn ni kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun kò dá nìkan wà.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń kiri oògùn bá a lábẹ́ igi níbi tó ti ń nu akèrègbè. Ó mi orí. Ó ní, "Agbára ẹmu ló ń bá ìfófòó yẹn lọ. Ọ̀pẹ tó bá ń ṣe báyìí kì í pẹ́ gbẹ. Ẹni tó ni ín náà kì í sì í bímọ."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Dí i pa."

Ó yọ ìda oyin nínú àpò, ó tà á fún un. Mo fẹ́ kí o kíyè sí ibẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń ta ìda ló máa ń sọ fún èèyàn pé akèrègbè rẹ̀ ń jò.

Lásìkò náà, adẹ́mu yìí ti rí ọmọbìnrin kan tó wù ú, òun náà sì wu ọmọbìnrin náà. Àṣà wọn ni pé bí adẹ́mu bá ń lọ tọrọ ìyàwó, ẹmu ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé lọ. Kò gbọdọ̀ ra ti ẹlòmíì. Bàbá ìyàwó á tọ́ ọ wò, ibẹ̀ ló ti máa mọ̀ bóyá ọkùnrin náà lè bọ́ aya. Adẹ́mu dá ẹmu rẹ̀ tó dára jù. Ó fi ìda dí ẹnu gbogbo akèrègbè náà títí afẹ́fẹ́ kò fi ríbi gbà. Inú rẹ̀ dùn lójú ọ̀nà. Ìfófòó kankan kò yọ.

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Wọ́n to akèrègbè sí gbọ̀ngàn bàbá ìyàwó. Àwọn àgbà ṣì ń kíra nígbà tí wọ́n gbọ́ gbàù. Akèrègbè kan ti bẹ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹmu ta sí ògiri, ó ta sí fìlà àwọn àgbà. Bàbá arúgbó kan lá ètè rẹ̀, ó ní, "Ó dùn o. Ó kàn yára wọlé wá bá wa ju ẹni tó gbé e wá lọ ni."

Àbúrò bàbá ìyàwó kan tó jẹ́ obìnrin wà níbẹ̀, adẹ́mu ni ọkọ tirẹ̀ náà. Ó ní, "Àna wa, ṣé ẹmu lẹ gbé wá ni àbí ìbọn? Nílé ọkọ tèmi, jẹ́jẹ́ ni ẹmu ń jókòó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lọ tún un ṣe. Bó bá tún rí báyìí, má wulẹ̀ padà wá."

Ìwọ náà á rò pé ọkùnrin yìí á bínú sí ìda. Kò bínú sí i. Ọ̀pẹ ló bínú sí. Ó ní àìsàn náà ti le kọjá ohun tí ìda lè mú. Ó ní kí òun tó fi ọ̀pẹ burúkú sọ ọmọ ọlọ́mọ di àgàn, òun á gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, òun á jọ̀wọ́ ọmọbìnrin náà, òun á padà sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò ro ti ìyá bàbá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ lára ọ̀pẹ. Ìtìjú kì í jẹ́ kí èèyàn ro ti ẹlòmíì. Ó gbé àáké.

Ìyá arúgbó kan ń já ewé nítòsí, ewé tí àwọn adẹ́mu fi ń dé akèrègbè. Ó gbọ́ ìró àáké, ó sì wá wò ó.

"Kí ni igi yìí ṣe ọ́?"

"Ó ń hó, ìyá."

"Kí ló ń hó?"

"Ẹmu rẹ̀. Ó ń yọ ìfófòó. Gbogbo wọn pátá ni, ìyá. Mo ti dí i, kò gbọ́."

Ìyá náà wò ó títí. Ẹnu rẹ̀ ń fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú ọkùnrin náà, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ó ní, "Gbé àáké rẹ dání. Máa bọ̀."

Ọ̀nà odò ló mú un gbà. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀, ọkùnrin náà rí ohun funfun tó ń léfòó bọ̀ lójú omi. Ó ní, "Àwọn obìnrin ń fọṣọ lókè." Ìyá náà ń lọ níwájú. Wọ́n yí kọ́nà. Kì í ṣe obìnrin. Àwọn adẹ́mu ìlú ni, ọmọdé wọn, àgbà wọn, wọ́n lóṣòó létí omi, olúkúlùkù ń fọ ìfófòó kúrò lọ́rùn akèrègbè. Èyí tó mọ iṣẹ́ jù nínú wọn, tirẹ̀ ló ń hó jù. Ọkọ obìnrin tó ní ẹmu ilé òun ń jókòó jẹ́jẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìfófòó bò ó dé ìgúnpá.

Òun ló kọ́kọ́ gbé orí sókè. Ó ní, "Àna. Níbo lẹ ti ń gbà lọ sọ́jà látọjọ́ yìí?"

"Ọ̀nà ẹ̀yìn igbó."

"Kí lẹ ń sá fún?"

Ọkùnrin náà nawọ́ sí akèrègbè tó ń hó lọ́wọ́ ẹni tó ń bi í, ó sì sọ bí òun ṣe fi ìda dí tòun. Wọ́n wo akèrègbè, wọ́n wo àáké, ọ̀rọ̀ náà sì yé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n sún fún un kó ríbi lóṣòó sí. Ọ̀kan ní, "O fi ìda dí i? Ẹni tó fi òwú dí imú ọmọ, ṣé ó ń tọ́jú ọmọ ni?" Òmíràn ní, "Ẹmu tí kò bá hó, bàbá, omi ni."

Ẹnìkan wà níbẹ̀ o, mi ò ní fi tirẹ̀ pamọ́ fún ọ. Ó sùn sábẹ́ igi. Ó ti mu èyí tó dá lánàá àti èyí tó dá lónìí, ìyàwó rẹ̀ ń retí rẹ̀ nílé. Wọ́n fi ẹsẹ̀ jí i. Wọ́n ní, "Ìwọ, dìde, gbé èyí tó kù lọ sọ́jà. Ẹmu rẹ ò ní àrùn kankan, òǹgbẹ rẹ ló pọ̀." Òun náà dìde.

Ọkùnrin tiwa padà lọ sílé àna pẹ̀lú ewé lẹ́nu akèrègbè. Bàbá ìyàwó tọ́ ọ wò. Ó ní kí wọ́n bu sí i fún òun.

Ìyá Ọláìtán, ìwọ ni mo ń bá wí. Ara rẹ kò ṣàìsàn. Ó wà láàyè ni. Ọkọ rẹ ló kú, kì í ṣe ìwọ. O rò pé ìwọ nìkan ni, torí pé àwọn obìnrin tó jókòó tì ọ́ nínú ìjọ ti fọ ọrùn akèrègbè tiwọn kí wọ́n tó wọlé. Opó ń ṣe é, ọkùnrin ń ṣe é, àwọn tí ọkọ wọn sùn tì wọ́n pàápàá ń ṣe é. Ẹlòmíì wà tí kì í ṣe é rárá, kò sì sí ohun tó ṣe é. Kò sọ ẹnikẹ́ni di mímọ́ ju ẹnìkan lọ.

O ní wòlíì ìjọ yín sọ pé ó ń fọ́ ojú, pé ó ń sé obìnrin nínú. O rí mi láti ìkóríta kó o tó dé ibí. Inú rẹ ló sì bí àwọn ọmọ tó ń jà lẹ́yìnkùlé mi yẹn. Lọ bi nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí wọn, màá tẹ̀ lé ọ bí ojú bá ń tì ọ́. Èmi ti bi í. Ó ní kì í fọ́ ojú, kì í sé inú, kì í gbẹ ẹ̀jẹ̀, kì í yí orí. Ó ní ẹlòmíì tilẹ̀ ń rí oorun sùn nípa rẹ̀. Bó bá di ohun tó ń pa ọ́ lára, tàbí tí kò jẹ́ kó o lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ ń ké tí o kò gbọ́, nígbà náà, wá fi tó mi létí, a ó lọ wá ìtọ́jú. Ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀mí òkùnkùn.

Ohun tó ń pa ọ́ báyìí ni ìda. Ààwẹ̀ tó ti mú egungun ọrùn rẹ yọ yìí, ìda ni. Ẹkún yìí, ìda ni. Ọ̀rọ̀ tó o fẹ́ lọ sọ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn ni àáké. Bí o bá gbé e sókè, kì í ṣe ìwọ nìkan ló máa ṣubú. Ọláìtán àti àwọn àbúrò rẹ̀ á gbé ẹní wọn jáde nínú ilé bàbá wọn.

O bi mí bóyá Ọlọ́run ń bínú. Èmi ò lè sọ ohun tí kò rán mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó wà pẹ̀lú rẹ nínú yàrá yẹn, ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá ọ. Bí o bá ní nǹkan bá a sọ, bá a sọ ọ́ níbẹ̀, kí o ti ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ aṣọ rẹ tó dára. Lọ sí ìjọ, kọrin, pàtẹ́wọ́. Bí wòlíì bá ní kí ẹni tó ní ohun tó wúwo lọ́kàn dìde, jókòó síbẹ̀ kí o gbé ọmọ rẹ lẹ́sẹ̀. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ á máa wo ẹnu rẹ. Jẹ́ kí wọ́n wò ó. Ohun tí Ọlọ́run kò bi ọ́, má fi dá ọmọ aráyé lóhùn.