Àtẹ́lẹwọ́ Ló Mọ Ilẹ̀ Elélùbọ́

"Ojú ló ń rí ilẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n." Kò sí ọmọ Igbó-Arẹrẹ tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Àwọn ìyá fi ń kìlọ̀ fún ọmọ, àwọn àna fi ń dá àna lóhùn, àwọn ọmọdé pàápàá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ṣé ẹ mọ̀ pé inú kòtò ló ti bẹ̀rẹ̀, àti pé ìfẹ́ wà níbẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, gbogbo ìlú ti yí kòtò kan ká lẹ́bàá odò Arẹrẹ. Kòtò náà jìn tó ìdúró ènìyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin àjèjì kan wà nínú rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó ń fi ha ẹ̀gbẹ́ kòtò náà bí ẹni ń ha iṣu sísun. Láníyọnu ni orúkọ rẹ̀, ìjọba ló sì rán an wá kí ó wo inú ilẹ̀ oko wọn, kí ó sọ irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ayẹlẹ̀wò ni àwọn ará ìlú ń pè é. Wọn ò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá àgbà kan béèrè bóyá òkété ló sá wọlé, wọ́n ní kì í ṣe òkété. Ó ní bí kì í bá ṣe òkété, kí ni odidi akọ̀wé ń wá nínú ihò?

Ẹ̀rín bú jáde. Láníyọnu gbé ojú sókè láti wo ohun tí wọ́n ń rín, nínú gbogbo ojú tó ṣù bò ó yẹn, ojú ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbídùn ni ojú rẹ̀ bá pàdé. Ọmọbìnrin náà ti há ara rẹ̀ sáàárín èjìká ọkùnrin méjì kí ó lè ríran. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Àyà Ìbídùn là gìrì bí ìgbà tí wọ́n bá pe ènìyàn lórúkọ lójijì láàárín ọjà. Ó rí i pé iyẹ̀pẹ̀ ti kun ọmọkùnrin náà ní ìpéǹpéjú, kò sì mọ̀. Ó rí i pé ọ̀bẹ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ ìyẹn náà. Ìbídùn ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò, ṣùgbọ́n kó tó gbé e kúrò, ohun tó yẹ kó rí, ó ti rí i.

Adùn náà kò pẹ́ lọ́kàn rẹ̀, nítorí ó mọ ohun tí iṣẹ́ àjèjì yìí lè dá sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n máa pín ilẹ̀ ìlú sí. Ìpele kìíní títí dé ìkẹta á wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ni ín. Èyí tó bá bọ́ sí ìpele kẹrin, ìjọba á gbin igi gẹdú sí i, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fi ọkọ́ kàn án mọ́. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ kan ṣoṣo ni Ìbídùn àti Wúràọlá ìyá rẹ̀ ní láyé, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀bá odò tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Bí ilẹ̀ yẹn bá lọ, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á sì lọ máa ṣe alábàágbé nílé àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Láníyọnu fi gbẹ́ kòtò kiri. Ó ní ìwé kékeré kan tí wọ́n kun oríṣiríṣi àwọ̀ sí lójú ewé, láti orí dúdú dé orí pupa dé orí èyí tó rí bí eérú. Bó bá ti bu ògúlùtu kan, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà, á wo èyí tó bá a mu, á kọ ọ́ sílẹ̀, ó di kòtò mìíràn. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ti kó ìwé ohun tó kọ fún awakọ̀ tó ń padà sí ọ́fíìsì.

Ní ọjọ́ kẹrin, Baálẹ̀ pe ìlú jọ, Láníyọnu sì ka èsì sétí gbogbo wọn. Ilẹ̀ dúdú tí àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ògúnṣíjì ní lẹ́sẹ̀ òkè bọ́ sí ìpele kìíní. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹ̀bá odò bọ́ sí ìkẹrin. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, kò dúdú rárá, ojú rẹ̀ sì le bí àpáàdì. Ògúnṣíjì wú ikọ́ díẹ̀, ó ní kí Wúràọlá bá òun kí igi gẹdú bó bá hù tán. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wúràọlá kàn tú ìró rẹ̀, ó tún un ró.

Ohun tí Ìbídùn rí nìyẹn tó fi dìde. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún àwọn àgbà, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Baálẹ̀ láti bi àlejò ní ìbéèrè kan péré. Wọ́n yọ̀ǹda fún un.

"Ọ̀gá ayẹlẹ̀wò, ṣé ẹ bi ilẹ̀ wa?"

Láníyọnu ní òun wò ó dáadáa.

"Wíwò yẹn la rí, ẹ kú iṣẹ́. Bíbi ni mo ń béèrè."

Àwọn obìnrin mi orí, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń sọ. Ní Igbó-Arẹrẹ, ọkọ́ kì í wọ ilẹ̀ lọ́dún tuntun láìjẹ́ pé obìnrin ilé ti bi í. Obìnrin náà á di ojú, á bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀, á ta omi sí i, á fọ́ ọ láàárín ìka, á fi àtẹ́lẹwọ́ yí i. Bó bá lajú kó tó parí, àfi kó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Àwọn àgbà ní ilẹ̀ kì í bá ẹni tó ń wo ẹwà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Láníyọnu ṣàlàyé pé wọ́n kọ́ òun náà ní fífọwọ́ mọ ilẹ̀ níléèwé, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fún òun kò tó, ìwé aláwọ̀ kò sì já òun kulẹ̀ rí níbòmíràn. Baálẹ̀ ní kò burú, ọjọ́ ti tó báyìí. Kó bi ilẹ̀ náà lójú gbogbo àwọn.

Wọ́n rán àwọn obìnrin mẹ́ta lọ bu iyẹ̀pẹ̀ oko mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sínú igbá mẹ́ta. Ìbídùn tú gèlè orí rẹ̀, ó sì fi di Láníyọnu lójú. Ó ta kókó rẹ̀ sẹ́yìn orí ọmọkùnrin náà. Òórùn òrí wà lára gèlè náà, Láníyọnu sì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sómi.

Ó ki ọwọ́ bọ igbá àkọ́kọ́. Ó ta omi sí i, ó yí i, ó fọ́n ká. Ó fi díẹ̀ sáàárín eyín, ó dún kẹ̀ẹ́rẹ́kẹ̀. Ó ní yanrìn nìyí, omi kì í dúró nínú rẹ̀. Bí òjò bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sinmi, iṣu tó wà níbẹ̀ á máa gbẹ lórí ìdúró. Ó bọ́ sí igbá kejì. Èyí gùn bí ekòló lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a di òrùka, kò sán. Ó ní amọ̀ ni, kí wọ́n fi mọ ìkòkò.

Ó wá kan igbá kẹta. Ó fọ́ ọ, ó tún un fọ́. Ó fi sáàárín eyín, kò gbọ́ ìró kankan. Ó ní kí wọ́n bá òun ta omi sí i. Ó yí i, ó dúró díẹ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ilá láìlẹ̀ mọ́ ọn. Gbogbo ìlú ń wo ìka rẹ̀.

"Ta ló ni ilẹ̀ yìí?" Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Èlùbọ́ tí wọ́n kù ló dà bí i. Á mu omi, á sì fi pamọ́ fún irúgbìn dìgbà tó bá fẹ́ ẹ. Gbòǹgbò á wọ inú rẹ̀ wọ̀ọ̀ láìsí ìjà. Gbogbo kòtò tí mo gbẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé, irú èyí ni mo ń wá."

Baálẹ̀ bi í pé ìpele wo ni.

"Ìkíní, Bàbá. Mo fi orúkọ mi dúró."

Ìbídùn tú gèlè náà. Láníyọnu wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó bá iyẹ̀pẹ̀ tó ṣá bí eérú níbẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀bá odò gan-an. Ó wo igbá àkọ́kọ́, ó bá iyẹ̀pẹ̀ dúdú Ògúnṣíjì. Iná ìgbẹ́ tó ń jó ẹsẹ̀ òkè lọ́dọọdún ló pa á láró. Yanrìn ni lábẹ́ dúdú.

Ògúnṣíjì fò dìde, ó ní wọ́n ti pààrọ̀ igbá. Ọ̀nà àbáyọ ni ọ̀rọ̀ yẹn là fún Láníyọnu, gbogbo ènìyàn sì mọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìtìjú rẹ̀ á tán, iṣẹ́ rẹ̀ á dúró. Ìbídùn ń wò ó, ó ń retí ohun tí yóò tẹnu rẹ̀ jáde.

Láníyọnu ní ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ nǹkan kan. Ó ní ojú òun ló tan òun jẹ, kí Wúràọlá jọ̀ọ́ dáríjì òun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin náà, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló jókòó ti Wúràọlá àti Ìbídùn, tó ń bi wọ́n léèrè bí ọmọ iléèwé. Ó fẹ́ mọ bí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe dé ibẹ̀. Wúràọlá ní odò Arẹrẹ ló kù ú. Bó bá kún, á ju òkúta sílẹ̀ lókè, á da yanrìn sílẹ̀ láàárín, ìyẹ̀fun rẹ̀ nìkan ni á gbé dé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní ilẹ̀ elélùbọ́. Láníyọnu ní ó ní àbùkù kan o, òjò ń lu ojú rẹ̀ pa, omi sì lè gbá a lọ. Ìbídùn ní ewé ni ìyá òun fi ń bo orí ebè rẹ̀ kí òjò má bàa rójú rẹ̀ lù, àti pé ebè wọn kì í kọjú sí odò, ṣe ni wọ́n ń kọ ọ́ kó dábùú ọ̀nà omi. Gbogbo rẹ̀ ni Láníyọnu kọ. Bó ti ń kọ ọ́, ó ń gbé ojú sókè wo ọmọbìnrin náà, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Baálẹ̀ gbọn orí, ó ní, "Ojú ló ń rí ilẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n." Ẹnu ẹ̀ la ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ìwé àkọ́kọ́ ti dé ọ́fíìsì, àwọn ọ̀gá níbẹ̀ nìkan ló sì lè yí i padà. Láníyọnu di iyẹ̀pẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sápò, ó bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Títí èsì yóò fi dé, Wúràọlá kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Àgbàdo àwọn aládùúgbò hù, ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó dé orúnkún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá láìsí ìròyìn. Ìbídùn bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń to ìkòkò sínú apẹ̀rẹ̀, ó mọ̀ pé ilé àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni wọ́n ń múra àtilọ.

Ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ akẹ́rù dé. Láníyọnu bọ́ sílẹ̀, ó ti rù. Ó ní òun di ọ̀gá mẹ́ta lójú lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọ́fíìsì, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn tilẹ̀ sín lé igbá lórí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé lẹ́tà ìjọba fún Wúràọlá, Ìbídùn kà á: ìpele kìíní. Wúràọlá ní kó tún un kà. Bó ti kà á tán, ó gbé ọkọ́ lára ògiri, ó sì gba ọ̀nà odò lọ. Kò kí ẹnikẹ́ni pé ó dàbọ̀.

Ó wá ku àwọn méjì níwájú ilé. Láníyọnu kò lọ. Ó fi ọwọ́ kan àpò àyà rẹ̀, ó mú un kúrò, ó tún fi kàn án.

"Ṣé iyẹ̀pẹ̀ ló tún wà níbẹ̀ ni?" Ìbídùn bi í.

Ó ní lẹ́tà ni, ọ̀sẹ̀ tí òun padà dé ọ́fíìsì ni òun ti kọ ọ́ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òun gbé e dé ọ̀dọ̀ awakọ̀ tí òun tún gbé e padà.

"Nígbà tí mo rí ọ lórí kòtò, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rò nípa ilẹ̀ yín náà. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má tún ṣì í."

Ìbídùn na ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Ẹ fi síbí."

Ó fi síbẹ̀. Nígbà tó yá, tí ìlú gbọ́, wọ́n da òwe Baálẹ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ó sì di ohun tí gbogbo ayé ń sọ. Lóde òní, bí àgbà bá rí ẹni tó fi àwọ̀ ara dá ènìyàn lẹ́jọ́, tàbí tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé kò dán lójú, tàbí ọ̀dọ́ tó ní òun ti rí ìyàwó lójú ọ̀nà láàárọ̀, tó sì fẹ́ san owó orí lálẹ́, ohun tí wọ́n máa sọ fún un ni pé ojú ló ń rí ilẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n: kó sún mọ́ ọn, kó fọwọ́ bi í, kó tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Ìbídùn pàápàá kò já lẹ́tà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé lé e, ó di ojú bí ẹni tó ń bi ilẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọmọkùnrin náà dúró dè é.