Òkété Tó Fi Ekùrọ́ Dí Ẹ̀yìn Ihò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí. Ẹni tó ń jẹ àgbàdo, kó kọ́kọ́ gbé e mì. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó yí wọ inú ihò, ó kọlu Òkété níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

Ní ìgbà kan rí, ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, Òkété gbọ́ pé àwọn àgbẹ̀ fẹ́ dáná sun igbó. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ gbọ́ mi o, igbó fẹ́ jó, inú ẹnì kan ń dùn! Ó gba ọ̀dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, ó ní, "Àbúrò, orí igi lò ń gbé. Bí iná bá dé, gbogbo ekùrọ́ tó o kó jọ á jó. Gbé e wá sílé mi. Ilé mi jìn, iná kò lè débẹ̀."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. Ó gbé tirẹ̀ wá. Òkété sọ bákan náà fún Ẹmọ́, Ẹmọ́ náà gbé tirẹ̀ wá.

Ilé Òkété ní ẹnu méjì: ọ̀kan níwájú tí gbogbo ayé mọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n ń gbà sá bí ọ̀ràn bá dé. Nígbà tí yàrá kún, Òkété bẹ̀rẹ̀ sí í ki ekùrọ́ bọ ẹnu ẹ̀yìn, títí ó fi dí pinpin.

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, ké. "Hàà, baálé mi! Ibi tí à ń gbà sá lẹ dí yìí. Ẹ ro ti àwọn ọmọ."

Òkété rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. "Àwẹ̀ró, ta ló gbẹ́ ilé yìí? Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní ihò gbígbẹ́?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró rí àwọn èèrà tó ń bá wọn gbé. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n gbé ẹyin wọn dání, wọ́n ń jáde. Ó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Èyí tó ṣàgbà nínú wọn ní, "Ilé tí a ò lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, a kì í tọ́ ọmọ níbẹ̀."

Àwẹ̀ró tún bẹ ọkọ rẹ̀, ó ní kó wo èèrà.

"Èèrà!" ni Òkété wí. "Kí ni orí èèrà tó, tí ọgbọ́n á fi rí àyè níbẹ̀?"

Àwẹ̀ró kò bá a jà. Ó kó àwọn ọmọ, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ.

Iná dé lóòótọ́. Ó jó, ó kọjá. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ẹmọ́ wá gba ẹrù wọn. Òkété fi eérú ra ojú, ó káwọ́ lérí. "Yéè, ẹ̀yin àbúrò mi, iná kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù!"

Ẹmọ́ bú sẹ́kún. Ó ní ọmọ mẹ́fà nílé, wọn ò sì tíì jẹun.

Àmọ́ bí iná bá jó igbó tán, ihò a hàn. Ọdẹ kan rí ẹnu iwájú. Ó ki ewé gbígbẹ sí i, ó dáná sí i, ó ń fẹ́ èéfín wọlé. Òkété sá sẹ́yìn. Ekùrọ́! Ó fi ọwọ́ wà á, ó fi eyín fà á, kò mì.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí igi lókè ibẹ̀. Ó gbọ́ ìró. "Ẹ̀gbọ́n Òkété, ṣé ẹ̀yin nìyẹn? Ẹ ké, ká mọ ibi tí ẹ wà, ká wú ilẹ̀ fún yín!"

Òkété la ẹnu. Ó tún pa á dé. Ó rò ó pé bí òun bá ké, wọ́n á wú ilẹ̀, bí wọ́n bá sì wú ilẹ̀, wọ́n á rí ekùrọ́ wọn, ojú á ti òun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn o!"

Òkété dákẹ́. Èéfín wọ imú rẹ̀, ó dákẹ́. Ó ń retí kí ọdẹ lọ. Ọdẹ ò lọ.

Nígbà tí ọdẹ gbẹ́ ihò náà dé ẹ̀yìn, ekùrọ́ ya dà sílẹ̀. Ọdẹ kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹran ló ń wá; ó gbé òkú Òkété, ó lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ẹmọ́ wá kó tiwọn, Ẹmọ́ sì sáré gbé e lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwẹ̀ró sunkún ọkọ rẹ̀ títí.

Lọ́la, bí ẹ bá bá ìyá yín lọ sọ́jà, ẹ wo àtẹ àwọn ẹlẹ́ran ìgbẹ́. Bí Òkété ṣe káwọ́ lérí lọ́jọ́ tó ń purọ́ fún Ẹmọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló káwọ́ lérí lórí àtẹ. Ibẹ̀ ló ti wá rántí ìbòsí.

Ìdí àlọ́ mi rèé: kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀ là ń pè ní òmùgọ̀. Ẹni tí Ọlọ́run rán olùkìlọ̀ sí, tó fi í rẹ́rìn-ín, tí ìtìjú kò tún jẹ́ kó ké nígbà tí ọ̀nà ṣì wà, òun gan-an ni. Ẹ̀yin tí mo wí fún lálẹ́ yìí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ gbọ́.