Tẹ̀tẹ̀ Inú Àpáàdì Àwẹ̀ró

Nígbà tí Àkànjí kú, omijé kò tíì gbẹ lójú Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, tí Akínlabí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí agbolé, fi gba oko mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwẹ̀ró yìí ló bá ọkọ rẹ̀ ṣán oko náà láti ìgbà tó ti wà ní igbó kìjikìji. "O kò bímọ fún wa," ni Akínlabí wí. "Ilẹ̀ baba wa kì í ṣe ti àgàn." Irú ọ̀rọ̀ burúkú wo nìyí, sí opó tó ṣì wọ aṣọ ọ̀fọ̀! Nínú gbogbo agbolé, kò sí ẹni tó sọ pé ó tó.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ ló kù lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Ó ṣa àpáàdì jọ lẹ́yìnkùlé, ó bu ilẹ̀dú àti eérú sínú wọn, ó fọ́n irúgbìn náà sí i, ó sì tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ níbi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń yọjú. Omi tó bá fi ṣan àwo ló ń wọ́n sí i. Kò pẹ́ tí ewé wẹ́wẹ́ fi hù bí irun orí ọmọ tuntun. Kì í jẹ́ kí wọ́n dàgbà kó tó gé wọn sọ́bẹ̀. Bó ti ń gé ti àpáàdì kan ló ń fọ́n sí òmíràn. Ọlátóún, ìyàwó Akínlabí, a máa fi í ṣẹ̀sín: "Ẹ wá wo oko àgàn! Ewé tí kò tó ìka ọmọdé!"

Ọ̀dá òjò dé lọ́dún náà. Ṣọkọ gbẹ lóko, gbọ̀ọ̀rọ̀ rọ, òdú di pàǹtí. Àkókò yìí gan-an ni àwọn àna ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ Akínlabí. Kí ni Ọlátóún yóò fi se ọbẹ̀ àlejò? Ó dúró kí Àwẹ̀ró lọ sódò, ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó gé gbogbo tẹ̀tẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Kò tọrọ. Kò tilẹ̀ ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

Àwọn àlejò jẹun, wọ́n ń lá ìka. Ògúnrìndé, àgbà wọn, bèèrè pé, "Ìyàwó wa, níbo lẹ ti rí ẹ̀fọ́ tútù nínú ọ̀dá yìí?"

"Oko wa ni, Bàbá," Ọlátóún dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Oko wo?"

Àwẹ̀ró ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé àpáàdì kan wọlé, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín wọn. Kìkì kùkùté wẹ́wẹ́ ló kù nínú rẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n gba oko tí mo fi ọwọ́ ara mi ro, mo dákẹ́. Wọ́n pè mí ní àgàn, mo dákẹ́. Èyí tí mo gbìn sínú àpáàdì náà tún dà? Ṣé kí n máa jẹ iyẹ̀pẹ̀ ni?"

"Pa ẹnu mọ́ níwájú àna!" Akínlabí jágbe mọ́ ọn.

"N kò ní pa á mọ́, ọkọ mi. Ẹnu yìí nìkan lẹ kò tíì gbà."

Ògúnrìndé ti àwo ọbẹ̀ sẹ́yìn. "Àna wa, gbogbo ẹ̀fọ́ oko yín ló tẹ́ lónìí. Tẹ̀tẹ̀ obìnrin tí ẹ fẹ́ dójú tì ló bo àṣírí yín, ẹ sì tún jí i! A kò ní fẹ́ ọmọ nílé tí wọ́n ti ń gba oko opó. Ẹ dá a padà, tàbí kí a máa lọ."

Akínlabí wo ojú àna, ó wo ilẹ̀. Níbẹ̀, lójú gbogbo agbolé, ó fi ẹnu ara rẹ̀ dá oko Àkànjí padà. Ọlátóún kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àwẹ̀ró gbé àpáàdì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tàn ká ìlú, ẹnu àwọn àgbà ló ti di òwe, wọ́n sì ń pa á títí dòní pé: tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.