Irin Ẹsẹ̀ Iwájú Ọkọ̀ Òkè-Èlùjù

Ìbíwùmí oníkòkò ni a ṣẹ̀. Ọdún tí àgbàrá gé ọ̀nà Òkè-Èlùjù sí méjì ni a ṣẹ̀ ẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó ń rọbí, tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ìlú láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè. Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Máwẹ̀yìn, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ náà yọ kúrò lára rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá yọ itan adìyẹ sísè. Ọkọ̀ kò já sí ọ̀gbun, ṣùgbọ́n ojú kan ló dúró sí títí oòrùn fi wọ̀, ọmọ inú Ìbíwùmí sì kú. Kò sí ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Bí Ọlọ́run bá rán àgbàrá, ta ló rán owó àtúnṣe ọ̀nà gba ibòmíràn lọ?

Àkànó, ẹ̀gbọ́n Ìbíwùmí lọ́mọ ìyá, nìkan ni mẹkáníìkì tó wà ní ìlú náà. Òun ló pe ará ìlú jọ lẹ́yìn ọ̀fọ̀ náà. Ó ní àwọn ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ṣe iwájú ọkọ̀ yẹn, ọ̀nà ọlọ́dà ni wọ́n ṣe wọ́n fún, wọn kò lè fara da òkúta Máwẹ̀yìn. Kí wọ́n gé wọn dànù, kí wọ́n wá irin gbọọrọ kan ṣoṣo, irú tó máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ ẹrù àtijọ́, tí yóò so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Tálákà kì í sunkún ọkọ̀ tuntun. Èyí tó wà nílẹ̀ ni yóò tún ṣe. Àwọn ará ìlú gbọ́. Alákàrà mú owó wá, oníṣu mú wá, títí kan ìyá arúgbó tó ń ta ewé. Wọ́n kó o lé Olóyè Fálójú, alága ìgbìmọ̀ ọ̀nà, lọ́wọ́, kí ó bá wọn ra irin tòkunbọ̀ tó yè kooro.

Àṣà kan wà ní Òkè-Èlùjù nígbà náà. Mẹkáníìkì tó bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀, òun ni yóò jókòó ti awakọ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá kọ́kọ́ máa sọ̀ Máwẹ̀yìn. Kò sí àwáwí níbẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára, yóò padà wálé wá jẹun. Ọdún méjìdínlógún ni Àkànó ti ń jókòó síbẹ̀, kò sì fìgbà kan bẹ̀rù.

Ọjọ́rú ni irin náà dé, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú, tó ń dán bí ara ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ. Ìbíwùmí ti tún lóyún, oṣù rẹ̀ sì ti pé. Ó wà láàárín ìkòkò rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà nígbà tí Àkànó fi ṣéènì so irin náà rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò iwájú ilé rẹ̀, tó sì fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan. Irin tó yè a máa dún gooro bí agogo. Ti èyí dún kẹ́bẹ́.

Àkànó yára gbé ọwọ́ lé irin náà, bí ẹni tó ń bo ọmọ lẹ́nu. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé àbúrò rẹ̀ ń wo òun láti òdìkejì ọ̀nà.

Àkànó da kẹrosíìnì sí ọrùn irin náà, níbi tó ti fẹ́ pàdé táyà, ó nù ún gbẹ, ó sì bu láfún díẹ̀ sí i. Kò pẹ́ tí kẹrosíìnì fi rin jáde, tí ilà kan yọ nínú funfun láfún náà, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tó lọ yí ọrùn irin náà po. Ó ti kán rí. Wọ́n jó o pọ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà bo àpá rẹ̀.

Ó gba ilé Olóyè lọ. “Olóyè, irin yìí ti sán, sà. Máwẹ̀yìn ni yóò kán sí.”

Olóyè Fálójú ń fi igi tayín. “Àkànó, igi máńgòrò tí o so ó rọ̀ sí yẹn, orí ilẹ̀ ta ló wà?”

“Orí ilẹ̀ yín ni, sà.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọlọ́mọ márùn-ún ni ọ́, mi ò fẹ́ kí o máa ti ibì kan kó lọ sí ibì kan. Kò séwu. Lọ dè é mọ́ ọkọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ojú gbogbo ayé ni yóò ti sọ̀kalẹ̀, Ìbíwùmí ni yóò sì kọ́kọ́ gùn ún, kí wọ́n lè rí i pé a ti tún ọ̀ràn rẹ̀ ṣe.”

Àkànó padà sídìí ọkọ̀. Ó gé ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ kúrò, ó jó ìjókòó sípíríǹgì mọ́ abẹ́ iwájú ọkọ̀, ó gbé irin náà síbẹ̀, ó so ọ̀pá síárìn tó ń yí táyà mọ́ ọn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá gbé àwo kalẹ̀, kẹ́bẹ́ ni etí rẹ̀ ń gbọ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti ilẹ̀kùn, kẹ́bẹ́. Ó pinnu nígbà márùn-ún láti sọ̀rọ̀. Nígbà márùn-ún ló rántí ilẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, ìlú péjọ sí etí Máwẹ̀yìn. Ìkùukùu bo ìsàlẹ̀ òkè, ènìyàn kò rí ibi tí ọ̀nà parí sí. Jímọ̀ awakọ̀ ti ṣíná sí ọkọ̀. Olóyè wọ agbádá, ó fọwọ́ gbá ìdí ọkọ̀.

“Irin pọ́ńbélé! Kò séwu! Ìbíwùmí, ó yá, máa bọ̀.”

Ìbíwùmí bọ́ síwájú, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn. “Bọ̀dá mi, ṣé kò séwu?”

Àkànó ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn iwájú mú, bí àṣà ti wí. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, níbi tí irin náà wà.

“Ẹ má wulẹ̀ dáhùn,” ni Ìbíwùmí wí. Ó yíjú sí Olóyè. “Oníkòkò ni mí. Ìkòkò tó bá sán, bí wọ́n kùn ún lọ́dà bí wọn ò kùn ún, mo mọ ohùn rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn irin yìí lọ́jọ́rú.”

“Obìnrin yìí, kí ni ìkòkò bá irin tan?”

Ìgbà náà ni Àkànó tó sọ̀rọ̀. “Òótọ́ ló sọ. Ó ti sán. Èmi ni mo dè é, mo sì mọ̀.”

Ariwo sọ. Ìyá arúgbó tó ń ta ewé ká ọwọ́ lérí. “Yéè! Gbogbo ewé tí mo tà!”

“Irọ́ ni!” ni Olóyè pariwo. “Ẹ̀rù ìran wọn ló ń bà wọ́n. Mo ní kò séwu!”

Àkànó kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ìbíwùmí nawọ́ sí àga tó ṣófo náà.

“Olóyè, ẹ wọlé síwájú. Ẹ jókòó ti Jímọ̀, kí ẹ sọ̀ Máwẹ̀yìn lọ, kí ẹ sì padà wá gbé mi.”

Olóyè wo àga náà. Ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó wo ìkùukùu tó bo ìsàlẹ̀. Ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó tún jẹ́ kó já bọ́.

“Olóyè,” ni ìyá eléwé wí, “àbí orúnkún ló ń dùn yín?”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ń kùn, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, gbogbo ojú wà lára rẹ̀.

“Olóyè, ẹ wọlé síwájú,” ni Ìbíwùmí tún wí.

Olóyè fà sẹ́yìn, kò wọ ọkọ̀ náà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Èlùjù fi ń pa á lówe títí di òní pé, ẹni tó bá ní kò séwu, iwájú ọkọ̀ ni kó wá jókòó sí.