Ìkòkò Ẹja Efúnṣeyè Oníróbó

Obìnrin kan wà ní ìlú Ìtabọ́ láyé àtijọ́, Efúnṣeyè ni orúkọ rẹ̀, róbó ló ń tà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ tí ẹbí ọkọ ti pín ẹrù òkú láìfi àkísà kan lé e lọ́wọ́ ni kò ti fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ó bá fẹ́ ra ẹ̀gúsí, ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ kí ó tó wo ti òkè. Bí ó bá ń jáde, kókó kan wà tó máa ń ta sí okùn ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá tú u, kò lè ta á padà bí ó ṣe wà. Wọ́n ní ó burú. Kò burú, ayé ló kọ́ ọ.

Ìdí ààtàn ló ń pàtẹ sí. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, eruku a bo róbó, àwọn tó fẹ́ rà a wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọn a kọjá lọ. Àtíbàbà kan sì ṣófo lẹ́nu ibodè, níbi tí gbogbo èrò ń gbà wọlé. Efúnṣeyè ti bẹ Baálẹ̀ nítorí rẹ̀ títí ó fi sú u.

Ní ọdún kan, oníṣòwò kan ti etíkun dé, ó fi ẹja pupa mẹ́sàn-án tó wà láàyè ta Baálẹ̀ lọ́rẹ. Ara wọn ń dán bí idẹ tí a fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó. Baálẹ̀ ní ẹni tó bá tọ́jú wọn títí di ọjọ́ ìjẹṣu, tí àwọn baálẹ̀ ìlú mẹ́fà yóò wá bá òun ṣọdún, ẹni náà ló ni àtíbàbà ibodè. Àwọn ará ìlú ṣì ń wo ojú ara wọn nígbà tí Efúnṣeyè ti dìde.

Kò mọ nǹkan kan nípa ẹja ju èyí tó wà nínú ọbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àlejò kan wọ̀ sílé rẹ̀, bàbá arúgbó ará Ìlàjẹ kan tó ń jẹ́ Orímisàn, tó ń hun ìgèrè tí wọ́n fi ń dẹ ẹja. Orí omi ni wọ́n bí i sí.

Orímisàn ní kí ẹja ṣì wà lọ́dọ̀ Baálẹ̀ ná. Ó wá ìkòkò ńlá ẹlẹ́nu gbàgàdà, ó gbé e sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí oòrùn àárọ̀ ń bà. Ó bu ẹrẹ̀ dúdú láti inú àbàtà, ó tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀. Ó fọ yanrìn odò títí omi rẹ̀ fi mọ́, ó fi bo ẹrẹ̀ náà. Ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé yanrìn, orí ewé ló ń da omi sí díẹ̀díẹ̀ kí ẹrẹ̀ má bàa rú. Lẹ́yìn náà ó yọ ewé kúrò, ó gbin òṣíbàtà, ó fi ojú oró sójú omi, ó sì ju ìṣáwùrú mẹ́ta sí i.

"Ó di ọjọ́ kẹsàn-án kí ẹja tó wọ̀ ọ́," ni ó wí.

"Bàbá, ẹ da ẹrẹ̀ sínú omi tó mọ́, ẹ tún ní kí n dúró. Kí ni à ń dúró dè?"

"Kí omi gbó ni, Ìyá Oníróbó. Omi tuntun dà bí ìyàwó tuntun, kò tíì mọ ìwà ilé."

"Iṣu ni mo mọ̀ pé ó ń gbó."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹja dé, ó tún kìlọ̀ pé oúnjẹ tí wọn yóò jẹ tán kí ènìyàn tó gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mẹta ni kí wọ́n máa fún wọn, lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì. Kí ẹnikẹ́ni má da omi náà nù. "Ìgbẹ́ ẹja ni ewé ń jẹ, ewé ló sì ń tún omi ṣe fún ẹja. Ilé ni mo kọ́ fún wọn yẹn. Ẹ má bá wọn tú u ká."

Mojòyìn, ìyàwó àbúrò ọkọ Efúnṣeyè, gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí ààrò. "Ìyáálé mi," ó ní, "ará odò ni yóò máa ṣọ́ ẹja fún yín? Ẹ kúkú gbé ẹran lé ajá lọ́wọ́."

Àwàdà ni Mojòyìn ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Efúnṣeyè lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bàbá. Ní àràárọ̀, arúgbó náà a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò, a ti ọwọ́ bọ omi, a máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló dé tí kò fẹ́ kí a pààrọ̀ omi? Kí ló dé tó ń febi pa ẹja olówó iyebíye? Nítorí pé bí Efúnṣeyè bá ti kọjá, gbogbo wọn a gòkè wá, wọn a máa la ẹnu. Ẹni tí ebi kò pa kì í la ẹnu bẹ́ẹ̀. Bóyá ó fẹ́ kí òun pàdánù àtíbàbà náà kí bàbá tìkára rẹ̀ lè gbà á.

Bí bàbá bá ti gbé ìgèrè lọ sọ́jà, Efúnṣeyè a rún róbó kan sómi. Ní ìrọ̀lẹ́, a tún rún òmíràn. Ẹja jẹ díẹ̀, ìyókù rì sí ìdí òṣíbàtà.

Ọjọ́ kẹfà ni ẹja kan kú. Ní ọjọ́ kẹjọ, méjì. Efúnṣeyè wo ojú omi, ó rí i tí òróró ń tàn níbẹ̀ bí òṣùmàrè. Ó yíjú sí bàbá.

"Bàbá, kí ni ẹ fi sínú omi mi?"

"Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín nìyẹn. Omi yìí ń rùn. Ṣé ẹ ń fún wọn lóúnjẹ mìíràn ni?"

"Èmi? N ò fún wọn lóúnjẹ kankan."

Kò purọ́ lójú ara rẹ̀. Róbó kì í ṣe oúnjẹ, ìpanu ni.

Nígbà tí ó ku ẹja márùn-ún, ó gba ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ lọ. Ó ní àlejò òun ń fi oògùn pa ẹja. Baálẹ̀ ní kí Orímisàn wá sùn ní àgbàlá òun fún ọjọ́ márùn-ún. Bí ikú bá dáwọ́ dúró, òun yóò dáná sun ìgèrè rẹ̀, òun yóò sì lé e kúrò nílùú. Arúgbó náà káṣọ lé èjìká, ó gba àgbàlá náà lọ.

Efúnṣeyè fi apẹ̀rẹ̀ bo ẹnu ìkòkò, ó fi okùn dì í, ó ta kókó rẹ̀ sí i. Òun nìkan ló ń tú u. Àánú ẹja wá ń ṣe é, ó sọ róbó di ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n gbé ìkòkò náà dé iwájú Baálẹ̀, Mojòyìn àti àwọn ará ilé tẹ̀lé e. Ewé òṣíbàtà ti rà. Ẹja kan ṣoṣo ló kù, ó fi ẹ̀gbẹ́ léfòó, ó ń mí gúlegúle.

"Ó rán oògùn náà láti ibí ni," Efúnṣeyè wí. "Ọwọ́ rẹ̀ gùn."

"Kókó yìí ńkọ́?" Baálẹ̀ bi í. "Ẹnikẹ́ni tú u?"

"Kò sí ẹni tó lè tú kókó mi kí n má mọ̀. Bí mo ṣe ta á ló wà."

Baálẹ̀ ní kí Orímisàn wò ó. Bàbá ká apá aṣọ, ó ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ ìkòkò bí Efúnṣeyè ṣe máa ń ti ọwọ́ bọ apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gúsí. Ohun tó bù jáde funfun, ó yọ̀, ó ń rùn. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Mojòyìn bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì yára fi ìborùn di imú.

"Ìyáálé mi," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "róbó nìyí."

Ẹyọ ẹnìkan ló ń ta róbó ní Ìtabọ́.

Efúnṣeyè wo èérún róbó tó wà nílẹ̀, ó wo òróró tó ń ṣàn jáde lára rẹ̀. Ó la ẹnu bí ẹja.

"O fi kókó sé ikú tó ń ti òde bọ̀ mọ́ ìta," Baálẹ̀ wí. "Inú ilé ni ikú wà nígbà tí o ń ta á."

Orímisàn bu ẹja tó kù sínú igbá omi tútù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹrẹ̀ àti yanrìn fún ìkòkò mìíràn. Ẹja náà yè. Ní ọjọ́ ìjẹṣu, àwọn baálẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yí i ká, wọ́n ń wò ó. Ìgèrè ni wọ́n ń tà lábẹ́ àtíbàbà ibodè láti ìgbà náà. Efúnṣeyè a ru igbá róbó rẹ̀ kọjá níwájú ibẹ̀ láràárọ̀ lọ sí ìdí ààtàn, bàbá a sì kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Oníróbó," òun náà a dáhùn láìwo ẹ̀yìn.

Ibi ìkòkò ẹja yìí ni àwọn àgbà ti mú ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n fi ń wí títí dòní pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.