Àtíòro Tó Ní Òun Ti Yó

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi fò fìrì, ó bà lé orí ìrókò, ó dá lórí Àwẹ̀ró, ìyàwó ẹyẹ Àtíòro.

Àtíòro ń ti ìgbẹ́ bọ̀. Ó bà lé ẹ̀ka ìrókò, gbì! Inú ihò igi náà ni Àwẹ̀ró àti ọmọ méjì wà. Nítorí ejò, àwọn ẹyẹ yìí a máa fi amọ̀ dí ìyá ọmọ mọ́ inú ihò. Wọn a ṣẹ́ àlàfo tóóró kù, tí kò gbà ju ẹnu ẹyẹ lọ. Lọ́dún náà, ọ̀dá dá, oúnjẹ sì wọ́n bí ojú.

Àtíòro kan amọ̀, kọ̀-kọ̀-kọ̀:

Àwẹ̀ró, na ẹnu sí mi o,
*Pẹrẹ̀jẹ́!*
Èso ọ̀pọ̀tọ́ ni mo rí,
*Pẹrẹ̀jẹ́!*
Mo ti jẹ tèmi lọ́nà,
*Pẹrẹ̀jẹ́!*

Ó ki èso mẹ́ta wọlé.

“Bàbá ọmọ, ṣé ẹ ti jẹun lóòótọ́?”

“Mo yó bámúbámú.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń gbé nísàlẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó yó, tí egungun àyà rẹ̀ yọ síta bí ti apẹ̀rẹ̀?”

“Panu mọ́ jàre, onírù bí ìgbálẹ̀!”

Àwẹ̀ró gbọ́. Ṣùgbọ́n ebi ń pa á, àwọn ọmọ sì ń ké. Ó gbé èso mì.

Lọ́jọ́ kejì, Àtíòro kan amọ̀, kọ̀-kọ̀. Ó kọrin. Èso méjì ni.

“Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mo ti yó.”

Lọ́jọ́ kẹta, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, kọ̀. Orin náà kò dé “lọ́nà” tó fi tán. Èso kan ni. Ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n lójú àlàfo.

“Ẹ jẹ́ kí n wó amọ̀ yìí, kí n jáde wá oúnjẹ.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́? Jókòó. Mo ti yó.”

Lọ́jọ́ kẹrin, orin kò dún. Àwẹ̀ró fi ẹnu wó amọ̀, wúruwùru. Ó bá Àtíòro nídìí igi, ó ti kú, apá rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀. Ó gbé apá náà. Ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sunkún. “Ìyá ọmọ, kò fi nǹkan kan kan ẹnu. Mo sọ ọ́, ẹ kò gbọ́.”

“Mo gbọ́,” ni Àwẹ̀ró wí. “Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́.”

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí ààlọ̀ yìí kọ́ wa ni pé ẹni tó fẹ́ni dénú lè fi ebi ara rẹ̀ pa mọ́. Bí àwa náà bá fẹ́ ẹ dénú, ẹ má jẹ́ ká tètè gba “mo ti yó” rẹ̀ gbọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun yóò ṣọ́ àwọn ọmọ. Àwẹ̀ró wo amọ̀ tó wó náà títí. Ó na apá, fàà, ó kọjú sí ìgbẹ́ ọ̀pọ̀tọ́, ó lọ.